Wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá mi, wọ́n da ẹrù mi síta ní Ẹlẹ́pẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Aránṣọ Ẹlẹ́pẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, mo kí yín o. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kàn mí wàyí.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé ní Ẹlẹ́pẹ̀ láti 2021. Ọdọọdún ni mo ń sanwó ilé, ₦300,000. Owó tí mo san kẹ́yìn tán ní ìparí oṣù kìíní ọdún yìí. Bàbá onílé ti ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ọmọ wọn ọkùnrin ló wá ń gba owó. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ₦600,000 ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ní oṣù kejì mo fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n wá ìyókù. Kò dá a padà, kò sì fún mi ní rìsíìtì. Nígbà tó di oṣù kẹta, ejẹ́ńtì rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí WhatsApp pé kí n kó jáde kí oṣù tó parí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní ìwé.

Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ ra òwú àti síìpù ní Sábó. Mi ò lò ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn mi ti kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e ti ẹ̀gbẹ́ kànga. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń kó ẹrù mi síta, ejẹ́ńtì dúró, ó ń wò wọ́n. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi dojú délẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wíìlì rẹ̀ ti ṣẹ́. Àǹkárá aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá tí mo ti gé fún àwọn oníbàárà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹfun tí mo fi sàmì sí wọn lára ti wẹ̀ dànù, mi ò mọ ti ta ni èwo mọ́. Ọmọ mi kékeré ń ṣa ìwé iléèwé rẹ̀ kiri àgbàlá.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kì í ṣe tàwọn, kí n lọ sí kóòtù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbógbó ni èmi àtàwọn ọmọ méjèèjì ń sùn báyìí. Díẹ̀ nínú ẹrù mi ṣì wà nínú yàrá yẹn, wọ́n ti fi pákó dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi àgádágodo sí i.

Ṣé torí pé owó mi kò pé, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan ni? Ṣé dandan ni kí n gba lọ́yà? Mi ò lówó lọ́yà lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì Ìjẹdé

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Omi bọ́ lójú mi níbi tí o ti sọ ti ọmọ tó ń ṣa ìwé. Ṣé ara wọn le? Má tíì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ yẹn o. Ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà gan-an, kó o ya wíìlì tó ṣẹ́ náà sọ́tọ̀, kó o ya àwọn aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kó o wá pe àwọn oníbàárà rẹ, kí wọ́n má fi etí ara wọn gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọmọ Òwútù

Àǹtí, wàhálà tí ẹ ń rò kò tó bẹ́ẹ̀. Ilé yín ni. Ẹ pe ọmọkùnrin mẹ́rin márùn-ún, ẹ já àgádágodo yẹn, ẹ kó ẹrù yín wọlé padà. Tí ó bá wá, kó wá. Àwa náà wà ládùúgbò.

Lọ́yà Ìta-Ẹlẹ́wà

Ọmọ Òwútù, mo mọ̀ pé inú ló ń bí yín, ṣùgbọ́n ẹ má tì wọ́n síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fara pa lọ́jọ́ náà, Àǹtí ni wọ́n á tì mọ́lé, ẹjọ́ tó mọ́ gaara lọ́wọ́ wọn á sì dojú rú. Ohun tí onílé ṣe tí a ní kò tọ́, bí ayálégbé bá ṣe irú rẹ̀, òun náà kò tọ́.

Àǹtí aránṣọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe, ẹjọ́ ilé sì ni mò ń ṣe jù ní kóòtù Ìkòròdú níbí. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn tí wọ́n fi ń dákẹ́. Gbèsè kò fún onílé láṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ lé yín jáde. Ohun tí gbèsè fún un ni ẹ̀tọ́ láti lọ sí kóòtù. Kóòtù á gbọ́ tiyín, á gbọ́ tirẹ̀, á dájọ́. Tó bá jàre, kóòtù á fún un ní wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ, bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń mú ìdájọ́ ṣẹ, ló sì máa mú un wá. Yàtọ̀ sí bélífù yẹn, kò sẹ́ni tó láṣẹ láti gbé àga yín bọ́ síta, ì báà ṣe onílé, ejẹ́ńtì, ọlọ́pàá tàbí ọmọ àdúgbò.

Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú Ìkòròdú. Abala 44 rẹ̀ ni kí ẹ há sórí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi agbára lé ayálégbé jáde tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, tó bá halẹ̀ mọ́ ọn tàbí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kó lè kó lọ, tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé jẹ́, tàbí tó bá wó o tàbí tún un ṣe láìgbàṣẹ kóòtù kí ayálégbé lè sá, ọ̀daràn ni. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà. Mo ti rí onílé tó ṣí páànù òrùlé nígbà òjò, tó ní òun ń tún ilé òun ṣe. Mo ti rí èyí tó da yanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn yíyọ ni tiyín, kò sì yàtọ̀.

Kì í sì í ṣe òfin Èkó nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá Gómìnà Ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wí nínú ẹjọ́ òun àti Ojukwu, torí pé ìjọba fi agbára lé Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Ẹjọ́ ta-ló-nilé ni ìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ owó ilé. Ṣùgbọ́n bí kóòtù bá lè sọ ọ́ fún ìjọba ológun pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ta wá ni ejẹ́ńtì Ẹlẹ́pẹ̀? Ní 1997, nínú ẹjọ́ Ihenacho àti Uzochukwu, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ ọ́ fún àwọn onílé ní tààràtà: kóòtù nìkan ni ọ̀nà láti gba ilé lọ́wọ́ ayálégbé, onílé tó bá sì lo agbára máa san owó gbà-má-bínú.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan mẹ́ta. Kí ni àgírímẹ́ǹtì yín sọ nípa nótíìsì, ìyẹn ìwé tó ń sọ fún ayálégbé pé kó kó jáde? Ṣé ẹ ní ẹ̀rí ₦150,000 yẹn? Ṣé ẹ fẹ́ padà síbẹ̀, àbí owó yín àti ẹrù yín lẹ fẹ́ gbà? Ẹ fara balẹ̀ ro ìkẹta dáadáa kí ẹ tó dáhùn, torí ọ̀nà tí ẹ máa gbà pín síbẹ̀.

Tíṣà Ìmọ̀ta

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní tèmi, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n sì ju tẹlifíṣọ̀n mi nù. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní, "Onílé mi lé mi jáde." Ẹni tó wà ní káńtà kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní ẹjọ́ kóòtù nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀wé òfin ló sọ fún mi pé ọlọ́pàá yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, pé bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni kò dáa. Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ, mi ò dárúkọ onílé tàbí owó ilé rárá. Mo ní, "Àwọn ọkùnrin méjì báyìí báyìí fọ́ fèrèsé yàrá mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n ba tẹlifíṣọ̀n mi jẹ́, wọ́n gbé síìlíńdà gáàsì mi lọ. Mo mọ wọ́n. Àwọn tó rí wọn nìyí." Wọ́n gbé ìwé jáde, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, Àǹtí, ẹ padà lọ. Ẹ mú ẹnì kan tó ṣojú rẹ̀ dání. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe: wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n ṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n ba aṣọ aláṣọ jẹ́, wọ́n ti ẹrù yín mọ́lé. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n buwọ́ lu ẹyọ kan fún yín.

Lọ́yà Ìta-Ẹlẹ́wà

Tíṣà, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ fi kún. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Òfin dáadáa ni, ó ń gba àwọn ayálégbé lọ́wọ́ onílé tó ń fi ọlọ́pàá halẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́pàá ń gbà sá fún irú ọ̀rọ̀ Àǹtí. Ṣùgbọ́n bíba ohun-ìní ènìyàn jẹ́ kì í ṣe gbèsè. Ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Bàbá Onílé Agric

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Onílé ni mí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ, owó ilé yẹn ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ayálégbé kan wà tó gbé ilé mi fún ọdún méjì láìsan kọ́bọ̀. Tí mo bá kanlẹ̀kùn, á ní òun ń bọ̀. Ẹ máa rò pé gbogbo onílé ló ń jẹ èrè ojúkòkòrò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 2016, inú bí mi débi pé mo lọ fi àgádágodo tèmi lé tiẹ̀. Mo rò pé mo ti borí. Ó gbé mi lọ sí kóòtù májísíréètì. Adájọ́ wò mí, ó ní, "Bàbá, owó yín tọ́ sí yín, ṣùgbọ́n ta ló sọ yín di kóòtù?" Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn, kí n sì sanwó fún ẹni tó jẹ mí lówó. Ó dùn mí wọ eegun. Nígbà tó yá ni mo wá gba ọ̀nà òfin: lọ́yà mi fún un ní nótíìsì, ó fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé mò ń lọ sí kóòtù, a wọ kóòtù, bélífù wá kó o jáde ní ọjọ́ Ẹtì kan, kò sí ariwo, kò sí ìjà. Kóòtù tún ní kó san owó gbogbo oṣù tó fi jókòó. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi ọdún kan ṣòfò.

Ọmọ onílé yẹn jẹ̀bi, aránṣọ wa. Mo sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ṣùgbọ́n tí o bá jẹ ẹ́ lówó, kóòtù máa bi ọ́. Má lọ síbẹ̀ kó o lọ máa sọ pé o ò jẹ gbèsè bí o bá jẹ ẹ́.

Ará Ògijo

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún àwọn míì tó ń ka èyí. Ìkòròdú la máa ń sọ pé a ń gbé, ṣùgbọ́n Ògijo wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo ti gbé ìwé òfin Èkó lọ bá lọ́yà rí, ló bá ní òfin yẹn ò kan ilé mi. Ẹ kọ́kọ́ wo apá ibi tí ilé yín bọ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń ka nótíìsì lè yàtọ̀. Pé kóòtù ló ń léni, ìyẹn kò yàtọ̀ níbì kankan.

Aránṣọ Ẹlẹ́pẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Bàbá Agric, mo gbọ́, mi ò ní purọ́.

Lọ́yà wa, àgírímẹ́ǹtì 2021 nìkan ló wà. Ọdún kan ló wà nínú rẹ̀, kò sọ ohunkóhun nípa nótíìsì. Lẹ́yìn náà a kò kọ òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo kàn ń sanwó, tí bàbá ń já rìsíìtì fún mi. Gbogbo rìsíìtì ọ̀hún wà nínú Bíbélì mi, Bíbélì sì wà lọ́dọ̀ mi, mo dúpẹ́. Ẹ̀rí ₦150,000 wà lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ejẹ́ńtì náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìkẹta ni mo fi oru méjì rò. Mi ò fẹ́ padà. Ẹni tó yọ ilẹ̀kùn mi lójú ọmọ mi, mi ò lè tún máa kí i ní "ẹ káàárọ̀". Ẹrù mi, owó ẹ̀rọ, owó aṣọ àwọn oníbàárà àti owó mi tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́.

Lọ́yà Ìta-Ẹlẹ́wà

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ náà ti ń mọ́lẹ̀.

Bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ iye nótíìsì, òfin 2011 ló ń sọ ọ́, ní abala 13. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún bí tiyín, oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, onílé tún gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Àwọn onílé á sọ pé ọdún kan pàtó ni àdéhùn, pé ó ti tán, torí náà ìwé ọlọ́jọ́ méje nìkan ló kù. Òótọ́ ni pé òfin gba èyí láyè fún àdéhùn tó ní òpin tí òpin rẹ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti lo àdéhùn yẹn tán láti 2022, ọdọọdún lẹ ń san tí wọ́n sì ń gbà á. Ó tún wá gba ₦150,000 lẹ́yìn tí ọdún tán, ó sì jókòó lé e. Ní iye àtijọ́, owó oṣù mẹ́fà nìyẹn, láti oṣù kejì dé oṣù keje. Mo lè fi èyí dúró níwájú adájọ́ èyíkéyìí.

Ti owó tó sọ di ìlọ́po méjì: abala 37 gba ayálégbé tó wà nílé láyè láti bẹ kóòtù kó wò ó bóyá àfikún owó náà kọjá ààlà. Ẹ kò ní lò ó mọ́ bí ẹ ò bá padà, ṣùgbọ́n àwọn míì tó ń ka èyí lè nílò rẹ̀. Rìsíìtì tó kọ̀ láti fún yín náà, òfin kan náà sọ ọ́ di dandan.

WhatsApp ejẹ́ńtì kì í ṣe ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún nótíìsì. Ìwé ni, kí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, tàbí lé àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé náà lọ́wọ́, tàbí kí kúríà gbé e wá, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tó hàn gbangba kí wọ́n sì ní ẹ̀rí pé àwọn lẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn mọ́ o. Ẹ̀rí yín ni.

Mo fẹ́ kìlọ̀ ohun kan fún gbogbo ayálégbé níbí. Ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣàárẹ̀ pátápátá lọ́rọ̀ àwọn tó ń fi àléébù inú nótíìsì jókòó sílé onílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní nígbà tí onílé bá ti pe ẹjọ́, tí ìwé ẹjọ́ sì ti tẹ ayálégbé lọ́wọ́, ó ti rí nótíìsì tó. Nítorí náà, ẹ má fi àṣìṣe nótíìsì ṣe odi. Odi yín ni pé kò gba kóòtù lọ rárá.

Ibi tí ẹ máa lọ wàyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ilé ìlàjà ti Ìjọba Èkó lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Láti 1999 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé sì ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn. Wọ́n á gbọ́ ẹnu yín, wọ́n á kọ̀wé pe ẹnì kejì, ẹ máa jókòó pa pọ̀. Wọn kò lè fi tipátipá mú un wá, ẹ mọ ìyẹn. Tó bá wá, tí ẹ sì buwọ́ lùwé, ìwé yẹn kì í ṣe ìwé lásán. Tó bá kọ̀, Office of the Public Defender wà, láti 2000, ìjọba Èkó ló ń san owó lọ́yà ibẹ̀ fún ẹni tí kò lágbára. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà wà. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè yín kejì: lọ́yà dára, ṣùgbọ́n àìlówó kò yẹ kó dá yín dúró.

Tó bá wá di kóòtù, ẹ lè bèèrè owó ohun tó bàjẹ́ àti owó gbà-má-bínú fún ìdójútì. Ohun tó bàjẹ́, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni adájọ́ máa bèèrè ẹ̀rí rẹ̀. Rìsíìtì ẹ̀rọ, iye tí àtúnṣe máa jẹ́ láti ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe, àkọsílẹ̀ oníbàárà mẹ́rìnlá. Kóòtù kékeré fún gbèsè, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2018, ń gba owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, ó sì yá. Ṣùgbọ́n owó tó ní iye pàtó ni, bí owó tó kù lọ́wọ́ onílé. Kò wà fún ìdójútì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibẹ̀ ni kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Tíṣà Ìmọ̀ta

Lọ́yà, ẹ bá mi fi ti fóònù kún un. Fídíò mi kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò nígbà àkọ́kọ́.

Lọ́yà Ìta-Ẹlẹ́wà

Òótọ́ ni. Òfin ẹ̀rí, abala 84, ní kí ìwé-ẹ̀rí kan bá fọ́tò, fídíò tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù wá sí kóòtù. Lọ́yà ló máa ṣe é. Ẹ má ta fóònù náà, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìjẹdé

Ẹ dákun, ti baálẹ̀ àti CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ńkọ́? Ní àdúgbò wa, ibẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Bàbá Onílé Agric

Ó dára, ìyá. Èmi náà wà nínú CDA wa. A ti parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí obìnrin buwọ́ lùwé pé òun fínnúfíndọ̀ kó jáde, kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ẹrù rẹ̀. Aránṣọ wa, tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, má buwọ́ lù ú. Ní kí wọ́n kọ ẹrù tí o gbà sílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ipò tí ó wà, kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú. Ìyẹn nìkan ni kó o fọwọ́ sí.

Ọmọ Òwútù

Àǹtí, ẹ má bínú sí ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ mú wá. Mo ní bọ́ọ̀sì kékeré. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù, mo máa wá, mi ò ní gbowó. Ẹ fi nọ́mbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Aránṣọ Ẹlẹ́pẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo tún lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bí Tíṣà ṣe wí, aládùúgbò mi tó ń ta gààrí bá mi lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kẹta, ejẹ́ńtì pè mí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní kí n wá kó ìyókù ẹrù mi. Ọmọ Òwútù wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, akọ̀wé CDA sì dúró, a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí dórí ìkòkò. Wọ́n gbé ìwé "mo fínnúfíndọ̀" yẹn jáde lóòótọ́! Mo ní rárá. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ará Citizens' Mediation Centre ti kọ̀wé pe ọmọ onílé. Ìjókòó àkọ́kọ́, kò wá. Ìkejì, ó dé, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò mọ̀ pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn rárá. Nígbà tí mo fi fọ́tò ẹ̀rọ hàn wọ́n, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bi ọmọ wọn pé, "Ṣé ilé tí bàbá rẹ fi orúkọ rere kọ́ nìyí?" Ó gbà láti dá ₦75,000 padà nínú owó mi àti láti tún ẹ̀rọ ṣe. Ti aṣọ mẹ́rìnlá ni kò tíì gbà, ó ní mi ò ní rìsíìtì fún wọn. Mẹ́sàn-án nínú àwọn oníbàárà ti kọ̀wé fún mi báyìí, pẹ̀lú iye tí wọ́n ra àǹkárá. Ó ku márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìjókòó kẹta. Lọ́yà wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ó bá kọ̀ láti san ti aṣọ, ṣé mo lè buwọ́ lu ti ẹ̀rọ àti owó ilé nìkan, kí n mú ti aṣọ lọ sí kóòtù lọ́tọ̀?

Lọ́yà Ìta-Ẹlẹ́wà

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìwé náà bá sọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ aṣọ ṣì wà nílẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, á ní ẹ ti parí gbogbo ẹjọ́. Kí ẹ tó buwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo wà ní kóòtù títí di aago méjì, mo máa wò ó.